Owó onírin tí wọ́n sọ di kóló: bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀, tí ẹ kò sì ní bà á jẹ́

Lẹ́yìn Iléyá àti Ojúde Ọba ni ìbéèrè yìí máa ń pọ̀ jù, nígbà tí àwọn ọmọ ilé bá wálé, tí wọ́n tú àpótí àwọn àgbà wò. Wọ́n á bá owó fàdákà ńlá kan níbẹ̀, tàbí kọ́bọ̀ bàbà tó nípọn. Wọ́n á mì í, nǹkan á máa ró nínú rẹ̀. Tàbí kó bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, kó sì là sí méjì bí obì. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e kì í yí padà: kí lèyí, ṣé ojúlówó ni, èló ni wọ́n máa rà á?

Ọ̀nà méjì ni ìdáhùn náà pín sí, ẹ má sì lọ́ wọn pọ̀. Ọ̀kan ni owó fúnra rẹ̀: ti ìlú wo, ọdún wo, irin wo. Èkejì ni iṣẹ́ ọwọ́ tó sọ ọ́ di kóló. Owó lè jẹ́ ojúlówó àtijọ́ kó jẹ́ pé èṣí ni wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀. Owó sì lè jẹ́ ayédèrú kí kóló náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ohun tó mú un ṣòro ju owó lásán lọ ni pé ìwọ̀n, tí gbogbo ẹni tó ń yẹ owó wò kọ́kọ́ ń gbára lé, kì í jẹ́rìí mọ́ bí wọ́n bá ti gbẹ́ inú owó. Ìbú rẹ̀ àti etí rẹ̀ ló kù tí ẹ lè fọkàn tán.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe:

- Ẹ má fọ̀ ọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú tí a fi ń fọ idẹ, Brasso, ọṣẹ ìfọyín, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ní kí ẹ rẹ ẹ́ sí mọ́jú, gbogbo wọn ló ń jẹ ojú owó. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n máa ń fara pamọ́ sínú ojú ìlà tí kóló ti ń ṣí, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa jẹ irin náà lọ díẹ̀díẹ̀.
- Ẹ má ki ọ̀bẹ tàbí síkúrúdíráfà bọ ojú ìlà náà. Ojú ọgbẹ́ kan ṣoṣo tó, kò sì ní kúrò mọ́ láéláé.
- Ẹ má gbé e lé iná, ẹ má sì sè é nínú omi. Òjé ni wọ́n fi lẹ ara àwọn mìíràn pọ̀, ooru díẹ̀ ló sì ń yọ́ òjé.
- Ẹ má fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà pé ẹ ń bọ̀ wá gbà á. Tí ẹ bá lọ wọ̀n ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ẹ dúró tì í. Fáìlì àti ásíìdì ni wọ́n fi ń yẹ fàdákà wò, méjèèjì ló sì ń dá àpá sí i lára.
- Ẹ má fín ohun tó wà nínú rẹ̀ símú, ẹ má sì fi ahọ́n tọ́ ọ wò.

Ohun tí ẹ máa nílò:

- òṣùwọ̀n tó ń ka 0.01 gíráàmù, irú èyí tí àwọn tó ń ta wúrà ní (èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹran lọ́jà kò wúlò níbí)
- kálípà; tí kò bá sí, rúlà tó ní mìlímítà
- awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10
- òòfà kékeré, bí èyí tó wà nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ti bàjẹ́
- rọ́bà méjì tí ẹ gé lára tíúbù kẹ̀kẹ́
- òwú tẹ́ẹ́rẹ́, ife oníke kékeré, omi tó mọ́
- aṣọ funfun tí ẹ máa tẹ́ sórí tábìlì, àti fóònù tó ń ya àwòrán dáadáa

Ẹ ya àwòrán ojú, ẹ̀yìn àti etí rẹ̀ yíká kí ẹ tó gbìyànjú láti ṣí i. Bí nǹkan kan bá ṣẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ ó mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ṣé owó ni wọ́n fi ṣe é lóòótọ́?

Nǹkan mẹ́ta ló máa ń tan àwọn èèyàn jẹ.

Àkọ́kọ́ ni àpótí pọ́n-ùn wúrà. Roboto ni, ó ní ìdè kékeré lórí tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ẹ̀wọ̀n aago, sípíríǹgì sì wà nínú rẹ̀ tó ń ti àwo pẹlẹbẹ kan sókè. Pọ́n-ùn wúrà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 22 mìlímítà ló wà fún. Òdòdó tàbí lẹ́tà orúkọ ló máa ń wà lójú rẹ̀, kì í ṣe orí ọba. Wọ́n ṣe é láti kó owó sí ni, wọn kò fi owó ṣe é.

Èkejì ni mẹ́dà tí wọ́n dìídì ṣe ní oníhò láti ilé iṣẹ́ rẹ̀. Edward Orme ti Lọ́ńdọ̀nù ta irú rẹ̀ lẹ́yìn ogun tó parí ní 1815, àwòrán roboto aláwọ̀ tí wọ́n ya ogun Wellington, ọ̀gágun Bìrìtìkó, sí ló wà nínú rẹ̀. Àmì kan máa ń tú u fó: kò sí iye owó kankan lára mẹ́dà.

Ẹ̀kẹta kàn wá gan-an ní Ìjẹ̀bú. Láyé ìjọba òyìnbó, ẹ mọ orúkọ tí wọ́n fún wa lórí ọ̀rọ̀ ṣílè ayédèrú. Títí dòní, àwọn ará ìlú míì ṣì ń pe ọjà tí kì í ṣe ojúlówó ní "Ìjẹ̀bú". Ẹ jẹ́ ká gbà á bẹ́ẹ̀, ká lò ó fún iṣẹ́ wa. Ṣílè ayédèrú tí wọ́n da sínú amọ̀ lè là láàárín bó bá gbó, pàápàá tó bá jẹ́ pé ìpele méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Kì í ṣe kóló nìyẹn. Inú kóló máa ń dán, ìlà roboto wẹ́wẹ́ ti irin tó gbẹ́ ẹ sì máa ń hàn níbẹ̀. Inú ayédèrú tó là máa ń rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ, ó sì máa ń ní ihò kéékèèké níbi tí atẹ́gùn ti há sí nígbà tí wọ́n ń dà á.

Bí ẹ ṣe máa wo etí rẹ̀:

1. Ẹ fi ìka méjì gbé e dúró lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, kó má ṣe wá látòkè.
2. Ẹ fi awò wo etí rẹ̀ bí ẹ ti ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yí po.
3. Ẹ wá ìlà tó tín-ín-rín bí irun. Tó bá gba àárín etí lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó méjì ni wọ́n fi ojú kọ ara wọn. Tó bá wà nísàlẹ̀ gbọnrangbọnran ojú owó (ìgbátí tó yọ sókè yí ojú owó po), ọmọrí ni ojú náà. Tí ẹ kò bá rí ìlà kankan létí, ẹ wo inú gbọnrangbọnran náà lójú owó. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ òde òní máa ń fi ìlà rẹ̀ pamọ́ sí.
4. Ẹ wo àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó dábùú etí owó. Níbi tí wọn kò bá ti bára wọn mu lókè àti nísàlẹ̀, ọmọrí kò tíì wọ ipò rẹ̀ dáadáa, tàbí kó jẹ́ owó méjì.
5. Tí ẹ bá rí ibi kan tí ìlà méjì tàbí mẹ́ta ti gé etí náà sí wẹ́wẹ́, hínjì ló wà níbẹ̀. Ibi tí ẹ máa tẹ̀ máa ń wà ní òdìkejì rẹ̀.

Ṣíṣí i

Ẹ kọ́kọ́ mì í létí. Ohun líle máa ń ró ṣakaṣaka. Bébà tàbí fọ́tò kì í ró, tàbí kó kàn máa fa ara rẹ̀ jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá fura pé bébà ló wà níbẹ̀, òróró àti omi di èèwọ̀. Ẹ kò ní rí nǹkan kan kà mọ́ tí ẹ bá ti rì í.

*Onítẹ́ẹ̀dì (èyí tó ń yí ṣí bí ideri ìgò)*

1. Ẹ fi rọ́bà kan sí àtẹ́lẹwọ́ kan, èkejì sí ìkejì, kí ẹ sì há owó náà sáàárín wọn.
2. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀nba kí ẹ sì yí ojú òkè sí apá òsì. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ara rẹ̀ tó ti fẹ́lẹ́ á rọ́ wọlé, tẹ́ẹ̀dì á sì há mọ́ra wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba tiwọn jẹ́.
3. Tí kò bá yí, ẹ yí i sí apá ọ̀tún díẹ̀, kí ẹ tún padà sí òsì. Ìdọ̀tí tó dì mọ́ tẹ́ẹ̀dì máa ń já bẹ́ẹ̀.
4. Tó bá ṣì kọ̀, tó sì dá yín lójú pé kò sí bébà nínú rẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sójú ìlà náà, ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún. Ẹ fi í sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan kí ẹ tó tún gbìyànjú.

*Oníhínjì*

Irú èyí ni wọ́n máa ń fi dọ́là fàdákà ńlá ṣe. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ ní òdìkejì hínjì, lẹ́yìn náà kí ẹ máa rìn ín lọ sí ọ̀tún àti sí òsì ní mìlímítà kọ̀ọ̀kan. Ibì kan ṣoṣo ni sípíríǹgì máa ń dáhùn, ojú ibẹ̀ kò sì tóbi. Nígbà tó bá ṣí, ẹ má yà á jù bó ṣe fẹ́ lọ. Irin tó so hínjì náà kò nípọn ju abẹ́rẹ́ lọ, tó bá sì ṣẹ́, alátùn-únṣe tó máa rí irú rẹ̀ kò pọ̀.

*Èyí tí wọ́n kàn ki bọ ara wọn*

Kò ní tẹ́ẹ̀dì, kò ní hínjì. Àwọn tó jẹ́ ti òde òní máa ń wá pẹ̀lú òrùka irin tí wọ́n máa ń gbé owó lé, tí wọ́n á fi gbá a mọ́ tábìlì kí inú rẹ̀ tó yọ. Tí ẹ kò bá ní òrùka náà, ẹ gbé owó lé orí ideri ìgò tó fẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, kí gbọnrangbọnran nìkan kàn án, kí ẹ sì fi ọwọ́ gbá a wẹ́rẹ́. Ẹ tún fi awò wá ihò kékeré láàárín àwọn lẹ́tà ojú owó. Ní 1953, ọmọ kan tó ń já ìwé ìròyìn ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà, rí sẹ́ǹtì márùn-ún kan tó là sí méjì, fíìmù kékeré tí wọ́n kọ àṣírí amí Rọ́ṣíà sí ló wà nínú rẹ̀. Inú lẹ́tà R kan lójú owó náà ni wọ́n lu ihò tí abẹ́rẹ́ máa gbà wọlé láti tì í ṣí.

Tó bá kọ̀ láti ṣí lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ fi í sílẹ̀. Ìbú àti etí rẹ̀ ṣì lè sọ púpọ̀ fún yín ní títì.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Orí aṣọ funfun ni kí ẹ ti ṣí i, kí fáànù má ṣe máa ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ lè jẹ́:

- Ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú tó ní òórùn tábà: áṣáà ni. Ìyẹ̀fun dúdú tó ń dán: ó lè jẹ́ tìróò, òjé sì máa ń wà nínú tìróò mìíràn. Ìyẹ̀fun funfun tàbí ohun dúdú tó ń lẹ̀ mọ́wọ́: ẹ dé e padà, ẹ fọwọ́, kí ẹ sì gbé e jìnnà sọ́mọdé. Kóló inú dọ́là ni àwọn kan fi ń kó ọ̀pọ́ọ̀mù kiri nígbà kan, kóló fún májèlé náà sì wà.
- Fọ́tò tí wọ́n gé róbótó: ẹ má yọ ọ́ tó bá ti lẹ̀ mọ́ irin. Ìmúra ẹni tó wà nínú fọ́tò máa ń sọ ìgbà tí wọ́n lo kóló náà ju bí owó ṣe lè sọ ọ́ lọ.
- Àwòrán kéékèèké aláwọ̀ tí wọ́n tò lé ara wọn: ẹ kà wọ́n, ẹ ya àwòrán wọn ní títò bí wọ́n ṣe wà, ẹ má sì dà wọ́n rú.
- Bébà tí wọ́n ká, tó ní ìkọ̀wé Lárúbáwá tàbí tí wọ́n fi òwú dì: ẹ bi àwọn àgbà ilé kí ẹ tó tú u. Ohun tó jẹ́ ìsọ́ra fún ẹnì kan kì í ṣe ohun tí a ń tú sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Wíwọ̀n: owó wo gan-an ni?

Ẹ wọn ìbú rẹ̀ níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó bá tóbi jù ni kí ẹ mú, torí ojú owó máa ń jẹ lára. Ìwọ̀n tí mo kọ síbí jẹ́ ti owó tí wọn kò tíì gbẹ́. Ìbú ni kí ẹ fi wá a, kí ẹ wá fi ìwọ̀n rẹ̀ ṣírò ohun tí wọ́n yọ kúrò.

- Ṣílè méjì ti Bìrìtìkó tàbí ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà: 28.5 mìlímítà, 11.31 gíráàmù. Ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jẹ́ fàdákà gidi láti 1913 sí 1920. Idẹ ni wọ́n fi ń ṣe é láti 1920 lọ.
- Rúpì Íńdíà: nǹkan bí 30.5 mìlímítà, 11.66 gíráàmù. Ẹ má yà á sọ́tọ̀ bí ohun àjèjì. Àwọn tó lọ ogun Bọ́mà mú un bọ̀ wálé.
- Kọ́bọ̀ bàbà Bìrìtìkó, láti 1860: 30.8 mìlímítà, 9.45 gíráàmù.
- Ààbọ̀ kíráùn: 32.3 mìlímítà, 14.14 gíráàmù.
- Kọ́bọ̀ onígbọnrangbọnran ńlá ti 1797: 36 mìlímítà, 28.3 gíráàmù. Èkejì rẹ̀ tó jẹ́ kọ́bọ̀ méjì: 41 mìlímítà, 56.7 gíráàmù, ó sì nípọn tó 5 mìlímítà. Nínípọn yẹn ló mú kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fẹ́ràn rẹ̀, kò nílò owó kejì.
- Fáráńsì márùn-ún ti fàdákà: 37 mìlímítà, 25 gíráàmù. Èyí gba ọ̀nà Pọ́tọ́nóvò wọlé.
- Dọ́là òwò Amẹ́ríkà, 1873 sí 1885: 38.1 mìlímítà, 27.22 gíráàmù. Òun ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn oníhínjì.
- Kíráùn Bìrìtìkó: 38.6 mìlímítà, 28.28 gíráàmù.
- Dọ́là òwò Bìrìtìkó, 1895 sí 1935: 39 mìlímítà, 26.95 gíráàmù.
- Dọ́là Sípéènì àti ti Mẹ́síkò: 38 sí 40 mìlímítà, nǹkan bí 27.07 gíráàmù.
- Owó Maria Theresa (owó fàdákà Ọ́sítríà tó ní orí ọbabìnrin yìí): 39.5 sí 41 mìlímítà, 28.07 gíráàmù.

Kọ́bọ̀ wa tó níhò láàárín, oníní àti eépìnnì ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í sábà di kóló. Tí ẹ bá rí èyí tó di kóló, ẹ wá ibi tí wọ́n ti dí ihò náà.

Nípa ọdún: ọdún tó wà lára owó sọ fún yín pé kóló náà kò lè dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ pé ọdún náà ni wọ́n ṣe é. Ti Maria Theresa ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù, torí 1780 ló wà lára gbogbo wọn. 1780 yìí kan náà ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀rúndún ogún, ní Vienna, Lọ́ńdọ̀nù, Bombay àti ibòmíràn. Ẹni tó bá ní owó òun ti lé ní igba ọdún nítorí 1780 nìkan kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ wo etí rẹ̀: ọ̀rọ̀ Látìnì náà IUSTITIA ET CLEMENTIA gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó sì yọ sókè, kì í ṣe pé wọ́n fín in wọlé.

Owó kan ni tàbí méjì?

Ọ̀pọ̀ kóló jẹ́ owó méjì. Wọ́n á gbẹ́ ọ̀kan di àwo, wọ́n á sì fá ojú èkejì tẹ́ẹ́rẹ́ di ọmọrí. Nítorí náà:

1. Ẹ wá ọdún lójú kan àti àmì ilé ìtẹwó lójú kejì, kí ẹ wò ó bóyá àwọn méjèèjì lè wà lórí owó kan náà.
2. Ẹ wo bí ó ti jẹ sí. Tí ojú bá ti jẹ tán tí ẹ̀yìn sì ṣe kedere, méjì ni wọ́n.
3. Ẹ dì í mú láti òkè àti ìsàlẹ̀, kí ẹ yí i bí ẹní ń ṣí ìwé. Lórí owó Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dorí kodò. Lórí ṣílè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Lórí oníhínjì, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, owó méjì ni. Lórí onítẹ́ẹ̀dì, kò já mọ́ nǹkan kan, torí ibi tí tẹ́ẹ̀dì bá parí sí ni ojú rẹ̀ máa kọ sí.

Tí ọdún méjì bá wà lára rẹ̀, èyí tó sún mọ́ òde òní jù ni kí ẹ fi ṣírò.

Irin wo ni?

Ẹ fi òòfà kàn án. Fàdákà, bàbà àti idẹ kì í fà mọ́ òòfà. Àmọ́ owó funfun tí kì í ṣe fàdákà, irú èyí tí Bìrìtìkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní 1947, kì í fà mọ́ ọn náà, nítorí náà òòfà lè lé irọ́ jáde, kò lè fi òótọ́ hàn. Tó bá fà mọ́ ọn níbì kan ṣoṣo létí, ẹ má sọ ọ́ nù: sípíríǹgì inú rẹ̀ ló ń fà á.

Ẹ má gbá a mọ́ ilẹ̀ láti gbọ́ ohùn rẹ̀. Kóló kì í ró bí owó, ì báà jẹ́ fàdákà pọ́nńbélé.

Ẹ wo inú rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́. Ibí yìí ni kóló ti sàn ju owó lásán lọ, torí ikùn irin náà ti wà níta. Tí ìta bá funfun tí inú sì pọ́n tàbí tó rí ràkọ̀ràkọ̀ bí idẹ, fàdákà tí wọ́n fi bò ó ni.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ṣeé rì sínú omi, ìyẹn tí kò sí fọ́tò, bébà tàbí sípíríǹgì nínú rẹ̀, ẹ ṣe èyí:

1. Ẹ ṣí i pátápátá. Kóló tó wà ní títì máa ń gbé afẹ́fẹ́ pamọ́, ìṣirò á sì já sí irọ́.
2. Ẹ wọn apá méjèèjì pọ̀ ní gbígbẹ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.
3. Ẹ gbé ife omi lé òṣùwọ̀n, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sí 0. Ẹ kán ọṣẹ ìfọwọ́ olómi díẹ̀ sí i kí afẹ́fẹ́ má bàa lẹ̀ mọ́ ojú irin.
4. Ẹ fi òwú so apá kan rọ̀ sínú omi, kó rì tán, kó má kan ìsàlẹ̀ ife tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ka nọ́mbà tó bá hàn. Ẹ ṣe ìkejì bẹ́ẹ̀, kí ẹ ro méjèèjì pọ̀.
5. Ẹ fi nọ́mbà inú omi pín ìwọ̀n gbígbẹ.

Bí àpẹẹrẹ: 19.80 ní gbígbẹ, 1.92 nínú omi. 19.80 pín sí 1.92 jẹ́ 10.3. Fàdákà tó dára máa ń wà láàárín 10.3 sí 10.4, ti Maria Theresa wà ní nǹkan bí 10.2, bàbà 8.9, idẹ 8.4 sí 8.7. Òjé tí wọ́n bá fi lẹ̀ ẹ́ lè yí nọ́mbà padà díẹ̀. Ẹ má sì gbìyànjú láti fi èyí mọ ìyàtọ̀ láàárín fàdákà 925 àti 900 (iye fàdákà gidi tó wà nínú ẹgbẹ̀rún kan irin náà), wọ́n súnmọ́ra jù fún òṣùwọ̀n ilé. Ẹ gbẹ ẹ́ dáadáa kí ẹ tó dé e.

Iṣẹ́ ta ni?

- Ó jẹ́ owó fàdákà Jámánì tàbí Ọ́sítríà àtijọ́, tẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wẹ́wẹ́, àwòrán aláwọ̀ wà nínú rẹ̀: ìlú Augsburg ni orírun irú iṣẹ́ yìí. Ẹ má ṣe ohunkóhun mọ́ kí onímọ̀ tó rí i.
- Dọ́là fàdákà oníhínjì, ìlà rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn, ààyè fọ́tò wà nínú: iṣẹ́ àtijọ́ ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yẹ owó náà wò dáadáa. Dọ́là òwò ayédèrú pọ̀ lóde, kóló sì ni ibi tó dára jù láti fi í pamọ́ sí, níwọ̀n bí ẹnikẹ́ni kò ti ní fi ìwọ̀n mú un.
- Owó méjì tí wọ́n fi ọ̀já irin kan yí àárín wọn, tó nípọn ju owó méjì lọ: àpótí áṣáà. Alágbẹ̀dẹ ibikíbi lè ṣe é, títí kan tiwa. Ẹ wo ọ̀já náà: tí fáìlì bá ti dá ìlà sí i, tí òjé sì yọ níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́.
- Inú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, ìlà ẹ̀rọ inú rẹ̀ dọ́gba, kò sí ìdọ̀tí kankan nínú kọ̀rọ̀ rẹ̀, káàdì fóònù sì lè wọ̀ ọ́: iṣẹ́ òde òní fún àwọn onídán. Dọ́là Amẹ́ríkà 1971 sí 1978 ni wọ́n sábà ń lò. Kò burú, kò kàn gbowó lórí ni.

Tí ẹ bá fẹ́ tà á

Owó tí wọ́n ti gbẹ́ kì í gba iye tí èyí tó pé ń gbà. Iṣẹ́ ọwọ́, ohun inú rẹ̀ àti bó ṣe ń ṣí dáadáa sí ni olùrà ń san owó lé. Alágbẹ̀dẹ á fẹ́ rà á ní ìwọ̀n fàdákà. Ẹ mọ iye yẹn kí ẹ tó lọ. Ti àpẹẹrẹ òkè yìí, tó bá jẹ́ fàdákà 900, 19.80 lọ́nà 0.900 jẹ́ 17.82 gíráàmù fàdákà gidi. Ẹ sọ ọ́ di náírà pẹ̀lú iye ọjà ọjọ́ náà. Ẹnikẹ́ni tó bá dá iye tó kéré sí èyí lé e, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Òfin wà ńlẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918, tàbí èyí tí wọ́n ti lò fún orò ìbílẹ̀, wà lábẹ́ òfin NCMM, àjọ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ kò lè tà á fún ẹni tí wọn kò fún láṣẹ, ẹ kò sì lè gbé e kọjá ààlà Nàìjíríà láìgba ìwé. Owó òyìnbó lásán kò sí lára ìyẹn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ alágbẹ̀dẹ wa ló sọ ọ́ di kóló láyé àtijọ́, tàbí tí wọ́n bá a pẹ̀lú nǹkan orò ilé, ẹ bi wọ́n léèrè kọ́kọ́. Ẹni tó bá sì ń ronú pé òun á gbẹ́ náírà onírin wò láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó mọ̀ pé òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ka bíba owó jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ₦50,000, ó kéré tán.

Ibi tí ẹ máa fi í sí

Ẹ dé e, ṣùgbọ́n kí ẹ má fún un pinpin; òjò Òkùdù àti ọ̀rinrin rẹ̀ lè mú tẹ́ẹ̀dì tí ẹ fún jù há mọ́ra. Ẹ fi bébà funfun dì í, kí ẹ kó o sínú ike tó ní ideri, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa omi tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun. Rọ́bà dídè kò gbọ́dọ̀ kàn án, ó ń sọ fàdákà di dúdú. Káńfọ̀ inú àpótí aṣọ náà kò dára fún un. Ẹ kọ ìbú, ìwọ̀n, ọdún méjèèjì àti orúkọ ẹni tó ni àpótí tí ẹ ti rí i sórí bébà ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fi í sínú ike náà.